Páìpù Kan Tí N Kò Kà ní Kànga Keje

Yàrá Kẹrin, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Aláwọ̀ Eérú,
Òpópónà Ẹ̀yìn Èbúté.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2026.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Àtúnṣí Àwọn Kànga Epo Inú Òkun,
Àjà Kẹta, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Tuntun,
Òpópónà Kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ WỌ́N MÁ ṢE ṢÍ KÀNGA KEJE KÍ WỌ́N TÓ TÚN UN WỌ̀N: ÀṢÌṢE WÀ NÍNÚ ÌWÉ RẸ̀, ÈMI NI MO SÌ ṢE É

1. Èmi tí mo kọ lẹ́tà yìí jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ka páìpù lórí Pèpéle Kejì nínú òkun, kí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó pa ibẹ̀ tì ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Iṣẹ́ mi kò lórúkọ ńlá. Páìpù tó bá fẹ́ wọ inú kànga, mo máa ń fi téèpù wọ̀n ọ́n, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i lára, lẹ́yìn náà ni mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èbúté fi ń pè mí ní Oníṣọ́ọ̀kì títí di òní, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì fi rò pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. N kò já wọn ní koro. Wọ́n máa ń kí mi dáadáa nítorí ẹ̀.

2. Mo ka ìkéde yín tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìn-ín-ní. Ẹ ní kànga mẹ́sàn-án tí wọ́n ti pa tì ni ilé-iṣẹ́ tuntun yóò tún ṣí, àti pé Kànga Keje ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, ní ọgbọ̀njọ́ oṣù tí a wà yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: n kò lòdì sí iṣẹ́ náà. Epo ṣì wà níbẹ̀. A mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí a ń kó ẹrù wa kúrò, àmọ́ ọjà epo kò yá mọ́ nígbà náà. Èbúté yìí ti sùn jù láti ìgbà yẹn. Ní òpópónà wa nìkan, ilé mẹ́ta ló wà tí àgádágodo wọn ti dípẹtà mọ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbàdúrà pé kí iṣẹ́ padà wá, àmín tèmi á kọ́kọ́ dún. Ohun tí mo wá sọ ni pé jíjìn tí ẹ kọ síwájú Kànga Keje nínú ìkéde yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn méjìlélógún ni yóò dúró lẹ́nu kànga náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Ọmọ bíbí inú mi wà nínú wọn. N ó dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

3. Kí ẹni tí kò dé orí omi rí lè mọ ohun tí mò ń wí, ẹ jẹ́ kí n là á yé e. Bí a bá fẹ́ pa kànga tì, a máa ń ki páìpù bọ inú rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, títí ìdí wọn á fi kan ibi tí a fẹ́. A ó wá gba inú páìpù náà da sìmẹ́ńtì síbẹ̀, kí ó lè dínà mọ́ ohun tó bá fẹ́ gòkè wá láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó fa àwọn páìpù náà jáde. Kò sí ojú ẹni tó débẹ̀. Iye páìpù tó wọlé ni a fi ń mọ ibi tí a wà, bí afọ́jú ṣe ń ka àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Bí akọ̀wé bá kà á re, sìmẹ́ńtì á bọ́ síbi tí wọ́n rán an. Bí ó bá ṣì í kà, sìmẹ́ńtì á ṣáà bọ́ síbì kan.

4. Nínú Kànga Keje, ilẹ̀ oníyanrìn kan wà tí gáàsì kún inú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní mítà 1,169, ó sì parí ní mítà 1,174. Wáyà ni wọ́n fi wọn èyí, kì í ṣe páìpù, nítorí náà ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀, ẹ lè gbà á gbọ́. Ìwé tèmi ní páìpù 126 la kì wọlé, pé ìdí wọn dúró ní mítà 1,197, àti pé sìmẹ́ńtì tí a dà síbẹ̀ ga tó ọgbọ̀n mítà. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé sìmẹ́ńtì náà gòkè dé mítà 1,167, pé ó ti bo gáàsì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìṣirò náà pé. Iye páìpù ni kò pé. Páìpù 127 ló wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gùn tó mítà mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Sìmẹ́ńtì náà wà nísàlẹ̀ ju bí ìwé ṣe wí lọ, orí rẹ̀ kò kọjá mítà 1,176 àti ààbọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ rò pé sìmẹ́ńtì ló wà lórí gáàsì. Gáàsì ló wà lórí sìmẹ́ńtì. Ohun tó ṣẹ́ kù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ẹrẹ̀ tí a rọ sínú kànga, àti ìdérí kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ òkun. Ìdérí yẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn méjìlélógún náà yóò ṣí.

5. Bí àṣìṣe náà ṣe wáyé nìyí. Lórí Pèpéle Kejì, a ní àṣà kan tí kò sí nínú ìwé òfin iṣẹ́ kankan. Ẹgbẹ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́: ẹgbẹ́ àárọ̀ àti ẹgbẹ́ ọ̀sán, olúkúlùkù pẹ̀lú akọ̀wé tirẹ̀. Akọ̀wé tó bá fẹ́ lọ sinmi kì í kọ páìpù tó wọlé kẹ́yìn lójú rẹ̀. Á fi í sílẹ̀ láìkọ nọ́ńbà sí i lára. Akọ̀wé tó ń bọ̀ ni yóò wá fi ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀ kọ “ọ̀kan” sí i, tí yóò sì fi bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tirẹ̀. Páìpù Ẹ-káàbọ̀ la ń pè é. Àlejò tó bá rí i máa ń rò pé eré la fi ń ṣe, àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ rìn dé ẹnu kànga, kí ó fojú ara rẹ̀ rí páìpù náà, kí ó tó kọ ohunkóhun. Kò lè jókòó ti tíì nílé oúnjẹ kí ó máa da ìwé ẹnìkejì rẹ̀ kọ. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, páìpù kan kò sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.

6. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ẹgbẹ́ ọ̀sán kò wá. Wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sílé lánàá ọjọ́ náà, wọ́n sì ti fi ìwé ìdádúró lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwa ẹgbẹ́ àárọ̀ parí ohun tó kù. Nígbà tí aago méjìlá lù, ọwọ́ mi ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Mo pa ojú ìwé àárọ̀ dé ní páìpù mọ́kànléláàádọ́rin, mo sì fi èyí tó tẹ̀lé e sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Mo lọ jẹun, mo padà, mo ṣí ojú ìwé tuntun, páìpù tí wọ́n ń gbé bọ̀ lọ́wọ́ ni mo sì kọ “ọ̀kan” sí lára. Títí a fi ṣe tán, mo ka márùndínlọ́gọ́ta. Èèyàn kì í kí ara rẹ̀ káàbọ̀. Mo ti ṣe ipò ẹni tó ń lọ, n kò rántí ṣe ipò ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tí a fa àwọn páìpù náà jáde, a kò kà wọ́n mọ́, nítorí ọkọ̀ tó wá gbé wa ti ń fọn fèrè, ojú gbogbo wa sì ti wà lára ilé. Mo ro àwọn ojú ìwé méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ 126, mo sì fọwọ́ sí i.

7. Ẹ ó fẹ́ mọ ìgbà tí mo mọ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a dé sí èbúté ni mo mọ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ ilé ẹrù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Stóò, ló ránṣẹ́ pè mí pé páìpù tí ọkọ̀ já sílẹ̀ fi ọ̀kan lé sí ti inú ìwé mi. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé Páìpù Ẹ-káàbọ̀ tí n kò kọ ni. Mo tọ fọ́máànù wa lọ nílé rẹ̀, mo sì rò ó fún un. Ó ní, “Oníṣọ́ọ̀kì, kànga tí a ti sin, ta ló fẹ́ lọ hú u? Lọ sùn.” Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí òun náà ti lọ sùn, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. N kò ní gbé ẹ̀bi mi lé òkú lórí. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, àmọ́ inú mi ló dùn mọ́. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nígbà náà, n kò sì fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aláìbìkítà ni mí. Mo gba ìwé ẹ̀rí náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kì í ṣàṣìṣe. Mo fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti fi ọdún mẹ́fà kọjá iye tí òwe fún un.

8. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní, mo wá sí ọ́fíìsì yín. Fọ́ọ̀mù ìfisùn tí wọ́n fún mi ní àpótí mẹ́rin: àwọ̀n ẹja tó ya, ariwo, òórùn, àti ọ̀nà tó dí. Kò sí àpótí fún ẹni tó wá jẹ́wọ́. Ọmọbìnrin tó wà ní káúńtà fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ní, “Bàbá, àwọn tó ń wá láti èbúté, ọ̀rọ̀ àwọ̀n ló máa ń gbé wọn wá,” ó sì bá mi fàmì sí ti àwọ̀n. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, òṣìṣẹ́ yín kan kan ilẹ̀kùn wa, téèpù lọ́wọ́, ó ní òun wá wọn àwọ̀n tó ya. Ìyàwó mi ní àwọ̀n kan ṣoṣo tó wà nílé wa ni èyí tó wà lójú fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, kò sì tíì ya. Ẹni náà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí àwọ̀n tó ya, ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì lọ. Bí ẹ ṣe pa fáìlì mi àkọ́kọ́ dé nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti yọ lẹ́nu géètì yín, ẹ̀ṣọ́ á ní, “Bàbá Aláwọ̀n, ẹ káàárọ̀.” Mo ti ní orúkọ ìnagijẹ kan tẹ́lẹ̀, n kò wá òmíràn.

9. Mo kọ lẹ́tà sí yín ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì, ẹ sì fèsì ní ogúnjọ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ fèsì. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Akọ̀wé tó kọ ìwé Kànga Keje fọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni, Ìgbìmọ̀ kò sì rí ìdí kankan láti ṣiyèméjì nípa ìwà ọmọlúàbí rẹ̀.” Ẹ̀yin ọ̀gá, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbèjà mi tó báyìí rí. Ṣùgbọ́n èmi ni akọ̀wé náà. Ẹni tí ẹ ń gbèjà ló dúró níwájú yín tó ń sọ pé òun ṣìṣe, ẹ sì ń fi ìwé tó kọ ja ẹnu rẹ̀ níyàn.

10. Ẹ̀rí tí mo ní kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Ìyá Stóò ṣì wà láyé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù àtijọ́ náà sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹrù kan níbẹ̀ mọ́ àyàfi àwọn ìwé rẹ̀. Mo tọrọ ìwé ọdún náà kí n lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó ní ìwé òun kì í jáde láìsí òun. Báyìí ló ṣe gbé e há abíyá, tí a jọ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ẹ̀dà, kò sì jẹ́ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀dà náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ wo ìlà kẹrìnlá: “Páìpù láti Kànga Keje, 127.” Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ “ọ̀kan lé” sí, tó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n bá òun bi yín bóyá ẹ rí ọ̀gá kankan nínú gbogbo yín tó máa ń fa ìlà sábẹ́ ohun tí kò dá a lójú. N kò fẹ́ bi yín bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ṣèlérí fún un pé n ó kọ ọ́.

11. Mo ti dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Àbíkẹ́yìn mi ni, obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òun sì ni ọ̀gá ẹgbẹ́ tí yóò ṣí Kànga Keje. N kò sọ ọ́ nínú lẹ́tà mi àkọ́kọ́, kí ẹ má bàa rò pé bàbá tí ẹ̀rù ń bà ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá tí ẹ̀rù ń bà ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èyí tí mo dà kò tọ̀ mí, ọmọ mi ló ń tọ̀ lọ.

12. Ẹ má ṣe rò pé n kò sọ fún un. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìkéde yín, ó wá kí wa, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un nídìí tábìlì, títí kan ti ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi ojú ìwé méjèèjì hàn mí. Mo rí ìkọ̀wé ara mi, gbogbo rẹ̀ dúró ṣánṣán, kò sí ìparẹ́ kankan níbẹ̀. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí, lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́nu kànga náà gan-an. Ohun tí ẹ ń sọ fún mi yìí, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti gorí ẹ̀. Èwo ni kí n gbà?” Nígbà tí mo mú ẹ̀dà Ìyá Stóò wá fún un lọ́sẹ̀ kejì, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní páìpù kan lè ti wà nílẹ̀ lórí pèpéle tẹ́lẹ̀, kí ó má wọ kànga rárá, kí ó sì bá àwọn yòókù dé èbúté. Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà ì bá bi í. Mo mọ̀ pé kò sí páìpù kankan nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí èmi ni mo gbálẹ̀ ibẹ̀, àmọ́ èèyàn kì í kọ ohun tí kò sí nílẹ̀ sínú ìwé.

13. Ohun tí kò sọ fún mi, ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa fi obìnrin ṣe ọ̀gá lẹ́nu kànga nínú ilé-iṣẹ́ náà. Bí òun bá lọ dá iṣẹ́ dúró nítorí pé bàbá òun rántí nǹkan, wọn ò ní jẹ́ kí òun gbàgbé ẹ̀ láéláé. Ó ní òun ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu da ìwé nù. Ó sunkún díẹ̀, ni ìyàwó mi wí. Láti ọjọ́ náà, tó bá wá sílé, a jọ ń jẹun, a sì ń sọ̀rọ̀ nípa òjò.

14. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo tún wá sí ọ́fíìsì yín. Ẹnjiníà yín kan rí mi lórí àtẹ̀gùn, ó dúró, ó sì gbọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òun nìkan ló mú bírò jáde. Ó ya kànga náà sẹ́yìn àpòòwé kan, ó fàlà sí ibi tí gáàsì wà, ó sì fàlà sí ibi tí mo ní sìmẹ́ńtì wà. Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ó ní àmọ́ òun ò lè ki ohun tí fáìlì fúnra rẹ̀ ń jà níyàn bọ inú fáìlì, àfi tí mo bá kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí Alága tààrà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà náà nìyí. Ẹni tí mò ń fẹ̀sùn kàn nínú rẹ̀ ni èmi.

15. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba ju ọjọ́ méjì lọ. Nínú ètò tí wọ́n ṣe, wọ́n fẹ́ ṣí ìdérí náà bí ẹni ṣí kànga tí kò ní nǹkan kan lábẹ́, nítorí ìwé mi ló sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣe é bí ẹni pé gáàsì wà lábẹ́ ìdérí náà gan-an. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìdènà tó lè sé gáàsì mọ́ sórí ẹnu kànga, kí ẹrẹ̀ tó wúwo ti wà ní ìkáwọ́ wọn, kí wọ́n sì fi wáyà wá orí sìmẹ́ńtì kàn kí wọ́n tó lọ síwájú. Bí wọ́n bá bá a ní mítà 1,167, a jẹ́ pé arúgbó ló ń ṣarán. Ẹ pè mí kí n wá tọrọ àforíjì lójú gbogbo yín, n ó wá. Bí wọ́n bá bá a ní 1,176 àti ààbọ̀, ẹ fàlà pa 126 rẹ́ nínú ìwé náà, kí ẹ jẹ́ kí n kọ 127 sí i lọ́wọ́ ara mi, kí n sì fọwọ́ sí i. Ìwé ẹ̀rí tó wà ní pálọ̀ mi, mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ lè gbà á padà nígbà tó bá wù yín.

16. Bí ẹ kò bá lè ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn méjìlélógún náà. Mo ṣì lè gun àkàbà. N ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ìwé mi kó débẹ̀.

17. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ mi kì í ṣe olórí kunkun. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, mẹ́jọ, ìdí ìwé páìpù mi ló ti kọ́ ìṣirò. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí ẹnu àti ìwé bá takora, ìwé ni kí ó gbà, ìbáà jẹ́ ẹnu ta ni. Ó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, kò sì gbàgbé rẹ̀. Ẹnu ni mo ní fún un báyìí, n kò ní ìwé. Ẹ̀yin lẹ ní ìwé. Ojú ewé kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ yín, tó ní nọ́ńbà, tó ní òǹtẹ̀, tó dé ọwọ́ rẹ̀ kí ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí tó pé, yóò dá iṣẹ́ náà dúró fún ọjọ́ méjì, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi bàbá rẹ̀ bú u. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ mi lè gbà mí gbọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Oníṣọ́ọ̀kì,
Akọ̀wé Páìpù tẹ́lẹ̀, Ẹgbẹ́ Àárọ̀, Pèpéle Kejì.
Nọ́ńbà Iṣẹ́: 0418.